Ìrẹsì Tí Mo Ránṣọ Fún

Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ní àsìkò òjò yẹn, kò sí ìrẹsì mìíràn ní gbogbo Sókótó tó ń wọ sátíìnì sùn. Sátíìnì funfun ni, àgékù aṣọ ìyàwó kan tí mo rán fún oníbàárà. Mo fi nẹ́ẹ̀tì sí etí rẹ̀ yíká, mo sì kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ tò ó kí n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, nítorí sátíìnì a máa yọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ téélọ̀ ni mò ń ṣe. Ohunkóhun tí mo bá máa bò, mo máa ń bò ó kó gún régé.

Ilé-ìwé ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin ni, òun nìkan ni mo bí, ó sì ku ọdún kan kó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí oníkálukú gbin ìrẹsì díẹ̀ sí àgbàlá ilé rẹ̀. Ẹni tí ìrẹsì tirẹ̀ bá yọ orí, tí orí náà sì lọ́mọ nínú, yóò bá wọn lọ sí Birnin Kebbi nígbà ìkórè láti lọ wo oko ìrẹsì ńláńlá. Wọn yóò sùn níbẹ̀. Ọmọ mi kò tíì sùn níbikíbi rí láìjẹ́ pé mo wà nítòsí tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo bi í pé, "Birnin Kebbi wo?"

"Èyí tó wà ní Kebbi, Màmá."

"Ta ló máa dáná fún yín?"

"Àwọn ará ilé-ìwé ni."

"Omi ńkọ́? Ẹ̀fọn ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀, tó ń jẹ tùwó lọ ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Òṣùpá ńkọ́?" Fọkanáísà ni ọkọ mi. Lẹ́bàá Kofar Doya ló ti ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì rò pé ariwo ibẹ̀ ló gba ìbẹ̀rù kúrò lára rẹ̀.

N kò kọ̀ fún ọmọ. Òbí tó bá gbọ́n kì í kọ̀, òfin ló máa ń gbé kalẹ̀. Mo ní bí ìrẹsì náà bá yọ orí tó gbó, màá buwọ́ lu ìwé tí wọ́n bá mú wá. Bí kò bá yọ, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Kebbi nínú ilé yìí mọ́. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú ìrẹsì, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ara rẹ̀ nílùú onílùú? Ọmọ mi gbà lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ẹjọ́ yìí dùn ún gbọ́, pé òun yóò máa fojú sí i.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìrẹsì náà yóò wà nínú àgbàlá mi. N kò lè jókòó kí n máa wo ohun ẹlẹ́mìí nínú àgbàlá mi kí n má tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí àwọn tó bá sọ pé mo fẹ́ kí ìrẹsì náà kú kí ọmọ má baà lọ. Bí mo bá fẹ́ kó kú ni, mi ò bá ti fi í sílẹ̀.

Gagi là ń gbé, ní ibi tí ilé ṣì ń dìde láàárín pápá. Lẹ́yìn ilé wa ni ilẹ̀ kan wà tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni omi bọ́hòòlù onílé ń ṣàn gbà, kì í gbẹ. Ọmọ mi tú ilẹ̀ náà, ó gbin ìrẹsì síbẹ̀ ní ìlà láti ẹ̀gbẹ́ ògiri títí dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà onígi. Ìrẹsì náà hù dáadáa. Níbẹ̀ ni ìyọnu tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ro ti oòrùn. Oòrùn Sókótó kì í ṣe oòrùn tí à ń bá ṣeré; ìlú tí aṣọ ti ń gbẹ kí a tó sá èyí tó kù tán ni. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi kẹ́tùlù da omi sórí àwọn ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe ń wẹ ọmọ mi nígbà tó wà ní jòjòló. Mo tún ro ti ewúrẹ́, mo ro ti awó onílé, mo ro ti ojú ayé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Nílé wa, bí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa, a kì í gbé e síta kí gbogbo èèyàn máa wò ó. Bí mo bá ti wẹ ìrẹsì tán, mo máa da sátíìnì bò ó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkọ mi tẹ̀ fún mi ló gbé aṣọ náà dúró. Ó di àárọ̀, nígbà tí mo bá ti sin ọmọ dé ilé-ìwé, tí mo ti lọ sọ́jà, tí mo ti padà, kí n tó ká a kúrò.

Sátíìnì náà kò tó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ló bò. Apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wà ní ìhòòhò. Ó dùn mí púpọ̀. Mo ní màá wá àgékù mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Màmá. Ká lè fi wọ́n wéra."

Mo ní, "Ṣé ọmọ ni wọ́n ń fi wéra?" Ṣùgbọ́n aṣọ ọdún ti ń ga lórí tábìlì mi nígbà náà, mo fi í sílẹ̀.

Onílé wa, bàbá àgbà Hausa kan tó ní oko ìrẹsì ní fàdámà, ilẹ̀ àbàtà ẹ̀bá odò, lọ́nà Kasarawa, gba ẹ̀yìn ilé kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó dúró. Ó wo sátíìnì, ó wo nẹ́ẹ̀tì tó wà létí rẹ̀, ó wo mí.

"Màdáámù, shinkafa ce ko amarya?" Ó ń bi mí pé ìrẹsì ni àbí ìyàwó.

Ọkọ mi dáhùn láti inú ilé pé, "Amarya ni o, Alhaji! Ẹ mú sadaki wá, kí ẹ máa mú un lọ!" Sadaki ni owó orí ìyàwó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí bàbá náà fi di ọgbà mú. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin kì í mọ ohun tí ọmọ títọ́ gbà.

Ìrẹsì abẹ́ sátíìnì sì dáhùn. Ó dúdú minimini, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, ó dí pọ̀ tí ọwọ́ kò fi lè ráyè wọ àárín rẹ̀. Àjílẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní yúríà ni mo fi ń bọ́ ọ. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi ìwọ̀n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò bímọ, ìyẹn ni mo fi yé ara mi. Tí ọmọ bá ń jẹun, a kì í ka òkèlè fún un. Ìrẹsì ẹ̀gbẹ́ ọgbà, tí kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, dúró tín-ínrín, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Mo máa ń ṣàánú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ká aṣọ sókè. Omi ń kán tó, tó, tó láti ara sátíìnì bí ilé ìwẹ̀. Mo rí àmì kéékèèké lórí ewé mélòó kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn àmì náà gùn sí i, wọ́n ṣe ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀, àárín wọn dà bí eérú, etí wọn pọ́n bí ilẹ̀ tó jóná.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, onídìrí ará Ìlọrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi. Ó mú kóòmù lọ́wọ́ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pariwo.

"Ìyá Téélọ̀, ojú rèé! Ojú èèyàn gidi! Ẹ wò ó, ó ń ṣẹ́jú sí mi!"

"Kì í ṣẹ́jú, Àǹtí. Ewé ni."

"Ta lẹ fi ìrẹsì yìí hàn?"

"Kò sẹ́ni tí mo fi hàn. Mo bò ó."

"Onílé yín kò rí i?"

"Ó rí i."

"Ó yìn ín?"

"Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Ó yìn ín nìyẹn! Àwọn àgbàlagbà kì í yin nǹkan tààrà." Ó ní kí n fi aṣọ tó nípọn kún èyí tó wà níbẹ̀ kí ojú má lè là á kọjá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, mo fi aṣọ kejì sí inú sátíìnì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tí n kò gbà gbọ́ kò ní kí n má ṣe é dáadáa.

Ọkọ mi mú ewé kan lọ fún ọkùnrin tó ń ta oògùn oko nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kofar Doya. Èmi náà tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kan ewé; ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìgò kan. Ó ní kòkòrò ni. Ó ní oògùn yìí ń pa kòkòrò ìrẹsì, ó ń pa aáyán, ó ń pa iná orí ewúrẹ́.

Mo bi í ní èdè Hausa pé, "Ṣé kò tún wo ikọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "Bí omi rẹ̀ bá pọ̀," ló wí.

A rà á. Nírọ̀lẹ́, mo pò ó mọ́ omi púpọ̀, mo fọ́n ọn sórí ewé gbogbo, mo sì fi aṣọ onípele méjì bò ó. Aáyán méjì kú lẹ́bàá ògiri. Àwọn àmì náà pọ̀ sí i.

Onílé tún kọjá. Ó fojú kan ewé náà láti ọ̀ọ́kán, ó ní, "Yunwa ce," pé ebi ló ń pa á. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rò. Mo tún da yúríà sí i. Báyìí ni gbogbo ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ṣe gbà mí nímọ̀ràn, gbogbo ìmọ̀ràn náà ló sì jẹ́ ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí n kàn ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí i. Kò sí ohun tó ń múnú ìyá dùn bí kí ayé sọ fún un pé kó fi kún un.

Ọmọ mi nìkan ni kò gbà mí nímọ̀ràn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó ń fi ọwọ́ kan ewé láàárọ̀ kó tó wọ bàtà. Mo wá ń wá àwo ọbẹ̀ mi kan tó ní ìdérí. Mo bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Kí ni àwo ọbẹ̀ mi ń ṣe níbí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i síbi oúnjẹ."

Mo ti ṣí i. Ewé ìrẹsì kan wà nínú rẹ̀ lórí aṣọ tútù, àmì ara rẹ̀ sì ti hu irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú, bí etí ọmọ eku. Mo sọ ìdérí nù. Ó gbé ewé mìíràn kúrò lójú fèrèsé. Ọjọ́ kan náà ló já àwọn méjèèjì lára ìrẹsì ẹ̀gbẹ́ ògiri, àmì kan náà ló wà lára wọn. Èyí ti ojú fèrèsé gbẹ, kò hu nǹkan kan.

Ó ní, "Èbu ni, Màmá. Ìbátan èyí tó ń bu búrẹ́dì. Mo mú un lọ fún olùkọ́ wa, wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, wọ́n sì yà á fún mi."

A jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó jẹ́ Sunday, òun, èmi àti bàbá rẹ̀, ó sì ṣàlàyé. N kò rò pé mo ti gbọ́ kí ọmọ mi sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, bóyá nítorí pé èmi ni mo sábà máa ń sọ̀rọ̀.

Ó ní hóró èbu náà kéré ju kí ojú lásán rí i lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, bóyá láti fàdámà, bóyá láti ara koríko ẹ̀bá ọ̀nà, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ìrẹsì tó wọṣọ yàtọ̀ sí èyí tó wà níhòòhò. Bó bá balẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, kò rí nǹkan kan ṣe. Yóò wà níbẹ̀ bí àlejò tí wọn kò fún lómi, títí oòrùn yóò fi pa á. Ṣùgbọ́n bó bá bá omi lórí ewé, yóò tu oje kan tó dà bíi gọ́ọ̀mù, yóò lẹ̀ mọ́ ewé náà pinpin. Yóò wá hù. Yóò yọ ọ̀wú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, orí ọ̀wú náà yóò wú, yóò di róbótó bí ìkòkò dúdú tí a dojú rẹ̀ dé. Ìkòkò yìí yóò máa fa omi mu, yóò máa mu ún, títí yóò fi le gbandi.

Ọkọ mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Bíi táyà?"

"Ó le ju táyà lọ, Dádì."

"Táyà kẹ̀kẹ́ lo ń sọ."

"Ó le ju ti tírélà lọ fíìfíì."

"Irọ́ ni! Ta ló ń fa afẹ́fẹ́ sí i?"

"Omi ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́."

"Kí ló dé tí kò bẹ́?"

"Ara rẹ̀ nípọn, ó dúdú. Ibi tó fi kan ewé nìkan ló fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ló máa gbà yọ nǹkan kan bí abẹ́rẹ́, á fi gún ewé wọlé."

Nígbà tó dárúkọ abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ ohun tí abẹ́rẹ́ lè là kọjá.

Ó ní bó bá wọlé tán, inú ni yóò ti máa jẹ ewé náà. Ẹni tó wà lóde kò ní mọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yóò kọjá kí àmì tó yọ, láti ojú àmì yẹn sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró yóò ti tún gbéra, tí wọn yóò máa wá ewé tútù mìíràn. Ewé tó bá sì jẹ yúríà jù, ara rẹ̀ máa ń rọ̀. Kì í lè kọ̀ fún abẹ́rẹ́.

Ọkọ mi mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀gá rẹ̀ nínú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan, mo sì lè búra pé kò ní ibi lọ́kàn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ní Sókótó níbí, níbo ni ewé ti fẹ́ rí omi tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo okùn tí a ń sá aṣọ sí. Sátíìnì mi wà níbẹ̀, ó funfun, ó mọ́, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé nítorí pé mo wẹ̀ ẹ́ ni?"

"A ò sọ nǹkan kan, Màmá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Àlàyé náà yé mi. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ṣùgbọ́n kí nǹkan yéni yàtọ̀ sí kí ọkàn ẹni balẹ̀. Mo ká sátíìnì kúrò lórí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti pẹ́ jù fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ Kebbi wá kù sọ́wọ́ ìrẹsì tín-ínrín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí àmì kan lára ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹyọ kan ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó dá mi lójú.

Mo lọ ra sátíìnì tuntun.

Nígbà tí mo dé, ọmọ mi wà níbẹ̀. Ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó dúró láàárín èmi àti ìrẹsì náà. N kò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, nítorí mo tọ́ ọ dáadáa, kó tó ṣàìgbọràn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bò ó."

"Ó ti mú un. Mo rí i."

"Ẹyọ kan ni. Mo ti já a sọnù. Ara rẹ̀ gbẹ, kò ní tàn kálẹ̀ kíákíá."

"Bó bá tàn ńkọ́? Èyí nìkan ló kù fún ọ. O fẹ́ lọ sí Kebbi àbí o ò fẹ́ lọ?"

"Nítorí pé mo fẹ́ lọ ni mo fi ń bẹ̀ yín."

Mo ní màá fi nẹ́ẹ̀tì nìkan ṣe é, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo ní màá kàn fi bò ó lójú oòrùn. Mo ní màá dín omi kù. Mo ń gé ohun tí mo fẹ́ ṣe kù bí aṣọ tí kò tó oníbàárà, ó sì ń gbọn orí sí gbogbo rẹ̀. Níkẹyìn ló ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, "Màmá, bó bá wù yín kí ẹ bo èmi, ẹ bò mí. Èmi lè sọ̀rọ̀ bó bá ń gbóná. Ìrẹsì kò lè sọ ọ́."

Mo mú ọ̀rá náà wọlé, mo sì fi sátíìnì tuntun yẹn sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àwọn aṣọ tí n kì í fọwọ́ kàn.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le fún mi ju ìgbà tí mo gba ọmú lẹ́nu ọmọ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n má ṣe nǹkan kan, n kò sì kọ́ iṣẹ́ yẹn rí. Mo máa ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, màá káwọ́ sẹ́yìn bí onílé. Ìrì máa ń wà lára ewé ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Oòrùn á yọ, kò ní pẹ́, ìrì náà á lọ. Oòrùn tí mo ń bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló kọ́kọ́ yọ orí. Orí náà funfun báláú, ó dúró ṣánṣán. Ọ̀rẹ́ mi onídìrí sáré dé, ó pàtẹ́wọ́.

"Mo sọ ọ́! Mo ní kí ẹ fi aṣọ tó nípọn sí i! Ẹ wo bó ṣe mọ́ tónítóní!"

Ọmọ mi fa ọ̀kan, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, Àǹtí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Èèpo ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lọ́rùn orí ìrẹsì náà, ní ibi tó ti so mọ́ ara pòròpórò, ó ti dúdú, ó ti rà. Èbu ti fún un lọ́rùn, oúnjẹ kò kọjá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ojú yẹn lágbára o," ó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ìdajì irun rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, orí ìrẹsì yọ láìpariwo. Kò pọ̀. Ó pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó wúwo, ó tẹ̀ ba. Ọmọ mi já orí díẹ̀ lọ sílé-ìwé, olùkọ́ rẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ́mọ nínú. A fa gbogbo ti ẹ̀gbẹ́ ògiri tu, a dáná sun ún kó má baà bá afẹ́fẹ́ lọ sínú oko ẹlòmíràn, a sì ju sátíìnì onípele méjì náà sí i. Onílé wá wo iná náà. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí èbu náà ti fàdámà rẹ̀ wá. Ó ní ìrẹsì tòun kì í ṣàìsàn. Ó tún wo iná náà díẹ̀, ó ní, "Kash, amarya ta rasu," pé ìyàwó ti kú. Ọkọ mi bá a dárò.

Mo buwọ́ lu ìwé Kebbi. Ẹnikẹ́ni kò rán mi létí òfin mi. Mo rán ara mi létí, ẹni tó bá gbé òfin kalẹ̀ ni òfin ń dá dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo di báàgì rẹ̀. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i, mo fi súwẹ́tà sí i, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, gààrí, kúlíkúlí, oògùn ibà, oògùn inú rírun, omi inú ọ̀rá tó pọ̀, àti ìrẹsì sísè nínú kúlà, fún ọmọ tó ń lọ sí ìlú ìrẹsì. Báàgì náà kò pa dé. Ọmọ mi jókòó tì í, ó ń wò ó.

Ó ní, "Màmá, yúríà yìí ti pọ̀ jù."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ síta. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mú bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò. Mo mú súwẹ́tà kúrò. Mo mú kúlà náà kúrò. Ó fi ọwọ́ lé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èyí wà," bóyá nítorí ẹ̀fọn, bóyá nítorí mi. Báàgì náà pa dé.

Ọkọ̀ gbé wọn lọ láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó juwọ́ lójú fèrèsé, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ fi gba ojú rẹ̀ kúrò lára mi. Mo padà sílé, mo rán aṣọ méjì tí mo ní láti tú padà. Nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sẹ́yìn ilé fúnra rẹ̀. Ìrẹsì díẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún irúgbìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó tẹrí ba, ara rẹ̀ gbẹ ṣáká. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ mi, ó kún.

Mo da omi rẹ̀ sídìí ọgbà, kò kan ewé kankan. Mo wọlé lọ fọ ẹsẹ̀.